Hóhò Kọ́ Ló Ń Fọ Aṣọ

Búrẹ́dì àárọ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìgbẹ̀bí gbé apẹ̀rẹ̀ kan wọ àgbàlá, tó sì gbé e kalẹ̀ láàárín wọn bí ẹni gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí kì í gbàgbé "ẹ kú àárọ̀" láyé, ó gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn mẹ́ta ló bá lórí ẹní. Bàálé ilé, alágbàfọ̀ ni. Ọ̀gá Hóhò ni àdúgbò ń pè é, nítorí níbikíbi tí hóhò ọṣẹ bá ti kún ọpọ́n tó ń ṣàn sílẹ̀, ẹ lọ wò ó, òun lẹ ó bá nídìí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Eléso, a ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹnì kẹta ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ọ̀gá Hóhò, arúgbó tí etí rẹ̀ mú ju ti ọmọ ogún ọdún lọ, àmọ́ tó máa ń ṣe bí adití nígbà tó bá wù ú.

"Ẹ jókòó, mà," ni Ìyá Eléso wí.

"Mi ò jókòó. Ẹ wo aṣọ inú apẹ̀rẹ̀ yìí. Ogójì ni. Òun la fi ń wé ọmọ tuntun, ẹ̀yin lẹ sì fọ̀ ọ́ wá ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lọ́dọ̀ wa. Ara méje nínú wọn ti sú. Ọrùn, abíyá, ìdí, gbogbo rẹ̀ pupa fòò. Àwọn ọmọ ò sùn, ìyá wọn ò sùn, èmi náà ò sùn."

Tíì tó wà lọ́wọ́ Ìyá Eléso bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Kò gbé e mu, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ wá bá mi," ni nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, Ìyá Eléso nìkan ló sì kọjú sí. "Ẹ ní ẹ ti rí èso igi tó ń fọ aṣọ, pé kò ní í jẹ ara ọmọ bí ọṣẹ oníyẹ̀fun ṣe ń jẹ ẹ́. Mo gbà fún yín níwájú dókítà tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì gbáko, ara ọmọ kankan ò sú. Kí ló wá dé?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ kó ogójì aṣọ yìí padà wá, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó fa á fún mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ṣe tán láti gbà á. Àwọn ló ń fọ aṣọ àwa òṣìṣẹ́, tàwọn ọmọ nìkan ló kù lọ́wọ́ yín. Èso yín náà á sì jókòó sílé." Bó ṣe yí padà nìyẹn, ó lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí Ìyá Eléso fẹ́ pàdánù. Ọṣẹ oníyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń bù tà nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, tí kò sì ní àdírẹ́sì. Ẹni tó ṣe é kò ní fi fọ aṣọ ọmọ tirẹ̀. Ó ń rùn bí òdòdó, ó ń hó, kò wọ́n, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Alágbàfọ̀ tó bá fi fọ aṣọ fún ọdún mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ á bó, á tún bó, títí ìlà ìka rẹ̀ á fi parẹ́. Nígbà tí Ìyá Eléso lọ gba káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀rọ kọ àtàǹpàkò rẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó ní kó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ wá. Obìnrin tó ń fọ aṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ fọwọ́.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ti èso. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Igi ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wọn, èso rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ, èèpo rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ bàtà, gbogbo èèyàn ló sì ń gbá a dànù. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ó rí i pé ibi tí wọ́n ti ń tẹ èso náà mọ́lẹ̀ ń hó díẹ̀díẹ̀, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ sì mọ́ ju ibòmíràn lọ. Ló bá ra ìwé ọmọléèwé kan, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀: èèpo ogún, omi garawa kan, sè é títí yóò fi pọ́n bíi tíì, sẹ́ ẹ, fi omi ọsàn kíkan sí omi ìkẹyìn kí aṣọ lè rọ̀. Àkísà ló fi dán an wò. Lẹ́yìn àkísà, ó dán an wò lára ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Nísinsìnyí ọkọ náà ń sọ̀rọ̀, ó sì ń yára sọ ọ́.

"Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ká sọ fún nọ́ọ̀sì pé èso ọ̀sẹ̀ yẹn ti rà. Ká bẹ̀ ẹ́. Ká padà sí ọṣẹ tí gbogbo ayé ń lò. Ṣé èèyàn máa ń bá gbogbo ayé jà ni?"

"Ṣé lóòótọ́ ló rà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Èso ṣáà ni, ó lè rà."

Ìyá Eléso ṣí ìwé rẹ̀. Igi kan náà. Èèpo ogún. Garawa kan. Ó tún ìlà náà kà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ràn lára obìnrin yìí nìyí: kò sáré gbèjà ara rẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èso mi ló ṣe é, ẹnu ara mi ni màá fi sọ fún nọ́ọ̀sì. Màá sì bẹ ìyá àwọn ọmọ méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Mo ṣáà ti sọ ọ́," ni ohùn kan wí lórí ògiri.

Ọlọ́ṣẹ ni, obìnrin aládùúgbò wọn tó ń fi agolo wọn ọṣẹ oníyẹ̀fun tà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri látìgbà tí nọ́ọ̀sì ti dé, kò sì pàdánù gbólóhùn kan. "Igi tí ẹyẹ gan-an ò jẹ èso rẹ̀, òun lẹ wá ń fi fọ aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé ẹ rí ọṣẹ tèmi? Bó ṣe ń hó yẹn, ojú ni wọ́n fi ń rí i pé ó ń ṣiṣẹ́." Ó ti ọwọ́ bọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó họ ọrùn, ó tún họ èjìká.

Ìyá Àgbà wò ó. "Kí ló ń yún ọ?"

"Ooru ni, màmá."

"Ooru àárọ̀ kùtù," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì ki búrẹ́dì bọ tíì.

Ìyá Eléso dìde. Ó mú bàsíà funfun, ó bu omi tó mọ́ gaara sí i, ó mú aṣọ kan nínú ogójì, ó rì í bọ omi. Kò fi èso sí i, kò fi ọṣẹ sí i. Ó rún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì yọ ọwọ́.

Omi náà hó. Kì í ṣe híhó kékeré. Hóhò náà funfun, ó ki, ó gun etí bàsíà, òórùn òdòdó sì ń jáde lára rẹ̀.

Gbogbo wọn ló na ọrùn wo bàsíà. Ẹni tó bá ti lo èso yìí rí mọ̀ pé hóhò rẹ̀ kì í pẹ́. Bí èèyàn bá yọ ọwọ́ kúrò, kó tó sọ pé ó kú, ó ti kú. Èyí ò kú. Ìyá Eléso mú aṣọ mìíràn láàárín apẹ̀rẹ̀, ó tún mú òmíràn nísàlẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe. Hóhò ló wà nínú aṣọ tí wọ́n ní ó ti mọ́, tí wọ́n ti sá, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti fi wé ọmọ. Kò wo ọkọ rẹ̀. Hóhò yẹn ló tẹjú mọ́.

Ọ̀gá Hóhò dìde. "Mo fẹ́ lọ pọn omi."

"Dúró," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àgbá kún. Èmi fúnra mi ni mo rí i lónìí pé ó kún."

Ó dúró. Orí Ọlọ́ṣẹ gùn díẹ̀ sí i lórí ògiri.

"Ife kan péré ni," ni Ọ̀gá Hóhò wí.

Ìyá Àgbà na ìka sí hóhò tó gun etí bàsíà.

"Ife méjì."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga ìfọṣọ. "Kí ló dé?"

"Ojú tì mí. Akọ̀wé dókítà tó ń fi nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín yẹn kọjá lójú ọ̀nà, ó wo inú ọpọ́n, ó bi mí pé ṣé omi lásán la wá ń fi fọ aṣọ ilé ìgbẹ̀bí. Ó rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fọ aṣọ, mi ò fọ èyí tí kò hó rí. Lọ́kàn mi, bí hóhò ò bá sí, ìdọ̀tí ò lọ. Mo ní tí mo bá fi díẹ̀ sí i, aṣọ á mọ́, á dára fún ìwọ náà, wọn ò sì ní í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa."

"Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀melòó?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá Hóhò fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ẹ̀ẹ̀kan. Bí a ṣe ń ṣan ti èso. Ìwọ ò sí nílé lọ́jọ́ náà, ọ̀pá ni mo fi ṣàn án."

Ẹni tó ń fi ọṣẹ fọ aṣọ mọ̀ pé àṣàntúnṣàn ni ti ọṣẹ. Ẹni tó ń fi èso fọ̀ ọ́ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan tó. Ọ̀gá Hóhò mọ méjèèjì, àmọ́ ọṣẹ ló fi fọ̀ ọ́, ó wá ṣàn án bíi ti èso. Ọmọ méje ló san gbèsè ìṣirò yẹn.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a," ni Ìyá Àgbà wí. "Tìrẹ ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ náà ò ṣe é dáadáa."

Mo mọ ilé tí ọ̀rọ̀ báyìí ì bá ti di ariwo, tí àwo ì bá ti fọ́. Ìyá Eléso na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ wo àtàǹpàkò mi."

Ó wò ó.

"Ìlà ti padà síbẹ̀. Mo ti gbà pé mi ò ní í rí i mọ́ títí màá fi kú. Oṣù méjì ni èso yìí fi dá a padà fún mi. Tí iṣẹ́ yìí bá lọ, wọ́n á ní èso ló pa á. Kò tún sẹ́ni tó máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi lórí rẹ̀ láyé." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ẹ ká ọwọ́ ẹ̀wù yín."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀wà ọ̀sán wà lórí iná, kò tíì jinná, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ìkòkò èso lè rí àyè. Ìyá Eléso ń bó èèpo, ó ń ju kóró dúdú inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń kà á sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Omi hó, ó pọ́n bíi tíì, ó sẹ́ ẹ, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò lè fi aṣọ sínú rẹ̀ àfi kí ọṣẹ kọ́kọ́ jáde, iṣẹ́ yẹn sì di ti Ọ̀gá Hóhò. Kó máa rún un, kó máa fún un, kó da omi nù, kó tún bu òmíràn.

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé bàsíà funfun wá síwájú òun, òun ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ò tíì rí ẹni tí iṣẹ́ dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á gbé aṣọ wá, òun á rì í bọ omi, á rún un, á wò ó.

"Ó ṣì ń hó. Gbé e lọ."

"Màámi, ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyí."

"Ife kan ni, àbí ife méjì?"

Ó gbé e lọ.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń ta á. Ó dúró, ó wo ọwọ́ náà, ó sì yíjú sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ń sá aṣọ sórí okùn. Ọdún mẹ́rìndínlógún, ọ̀pá gígùn ni òun fi ń ro aṣọ nínú ọpọ́n, níwájú àwọn oníbàárà. Ìyàwó ló máa ń fi ọwọ́ ṣan án lẹ́yìn ilé. Ó tún ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà.

Ọlọ́ṣẹ fi ògiri sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, agolo wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, àánú yín ń ṣe mí. Aṣọ méjìdínlógún ló ṣì wà nílẹ̀, aago méjì sì ti fẹ́ lù. Ẹ gba ọṣẹ díẹ̀ kó lè yá. Ẹ ṣàn án dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀gá Hóhò wo agolo náà. Ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá Eléso ń gbọ́ ohun tó ń lọ, àmọ́ kò yíjú padà níbi okùn.

"Omi ló máa mọ̀," ni Ọ̀gá Hóhò wí. "Ẹ máa gbé e lọ."

Obìnrin náà lọ, ó ń fi etí agolo họ abíyá.

Wọ́n jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án bí wọ́n ti jẹ ẹ́ láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó ráhùn, nítorí ta ló fẹ́ gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà á fi dá a lóhùn? Oòrùn ṣe dáadáa títí di aago mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìkùukùu bò ó. Ìyá Eléso ò wo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá iná sí irin ìlọṣọ, ó ń fi ooru rẹ̀ gbẹ àwọn tó ṣì tutù, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń ká a, ọkọ rẹ̀ sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. A ti gbọ́ ọ títí etí wa ti kún, àmọ́ mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí aṣọ ogójì pé, wọ́n tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní òórùn òdòdó kankan. Òórùn aṣọ ni wọ́n ní.

Lójú ọ̀nà, Ọ̀gá Hóhò ló ru apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Kí la máa sọ?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn ń rìn lọ.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méje nígbà tí wọ́n wọ wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì àgbà gbé ọmọ kan mọ́ àyà, ó ń mì í, ọmọ náà ò yé ké. Ó gbé e fún ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì wá bá wọn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá Eléso wo ilẹ̀. Ó lè sọ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń bà jẹ́ látàárọ̀. Kò sọ ọ́. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

"Èmi ni," ni Ọ̀gá Hóhò wí. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Èso ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ìyàwó mi náà ò mọ̀. Mo bu ọṣẹ oníyẹ̀fun sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ife méjì. Mo sì ṣàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ rí hóhò ni." Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ ọn jù, níwájú ìyá ọmọ tó ń ké. "Ẹ má bínú, ìyá ọmọ."

Ìyá ọmọ mi orí, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Nọ́ọ̀sì wo apẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí tẹ́ ẹ gbé wá báyìí ò rí bíi tìjọ́sí?"

"Ẹ fún wa lómi tó mọ́," ni Ìyá Eléso wí.

Wọ́n gbé abọ́ omi wá. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó fa èyí tó wù ú yọ, ó rì í bọ omi, ó rún un. Omi mì, ó sì rọlẹ̀. Ó mọ́ débi pé wọ́n ń rí ìdí abọ́. Ó tún fa òmíràn. Ìdí abọ́ ni wọ́n tún rí.

Nọ́ọ̀sì dúró, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹ́pírọ̀nù tó wọ̀, ẹ́pírọ̀nù funfun tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fọ̀ fún wọn, èyí tó fi gbé ọmọ mọ́ àyà látàárọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ omi. Ó rì í bọ abọ́, ó rún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ ọwọ́.

Hóhò gun etí abọ́, ó ṣàn sórí tábìlì.

Ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì ṣì ń ké. Nọ́ọ̀sì fún ẹ́pírọ̀nù náà, ó ká a bó ṣe tutù, ó gbé e lé Ìyá Eléso lọ́wọ́. "Ẹ wá kó tàwa náà lọ́la," ó ní. Ó ṣí ìwé tí alágbàfọ̀ máa ń tẹ ìka sí, ó fa yíǹkì sún mọ́ ọn. Ìyá Eléso tẹ̀ ẹ́. Lókè ojú ìwé, èyí tó tẹ̀ lọ́dún tó kọjá jẹ́ ẹyọ dúdú kan bí ìgbà tí tíì kán sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lónìí ní ìlà, gbogbo rẹ̀ pé. Ó wò ó títí yíǹkì fi gbẹ.

Ọ̀gá Hóhò ló tún ru apẹ̀rẹ̀ padà, pẹ̀lú ẹ́pírọ̀nù nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yà sí àdúgbò, Ọlọ́ṣẹ wà níwájú ọjà rẹ̀, ó jókòó ti agolo.

"Ọ̀gá Hóhò," ó pè é, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Látàárọ̀ ni mo ti ń wo ọpọ́n yín. Hóhò dà lónìí?"

Ọ̀gá Hóhò dúró, ó gbé apẹ̀rẹ̀ dáadáa lórí. "Ó wà nínú aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn," ó ní, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ wọlé.

Ọlọ́ṣẹ lanu láti dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́rùn, ó ń họ ọ́.